Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ẹgbẹ́ Yín Lọ sí Dẹ́lítà Odò Mekong àti Ọjà Orí Omi Rẹ̀

Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò sórí ibi tí ẹ ń lọ gan-an, nítorí dẹ́lítà odò Mekong ní gúúsù Fiẹtnámù, ìyẹn ilẹ̀ tí odò náà ti pín sí ẹ̀ka púpọ̀ kí ó tó wọ inú òkun, gbòòrò ju ohun tí ènìyàn lè rìn tán ní ọjọ́ kan lọ. Láti ìlú Ho Chi Minh sí ìlú My Tho kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ. Ìlú Can Tho, níbi tí ọjà orí omi Cai Rang wà, tí àwọn ọlọ́jà ti ń tajà láti inú ọkọ̀ ojú omi, jìnnà tó nǹkan bí 170 kìlómítà, àlọ nìkan sì lè gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ìjìnnà yìí ṣe kókó, nítorí pé ìdájí ni Cai Rang máa ń kún. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún, àwọn ọlọ́jà ti ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, nígbà tí yóò bá sì fi di agogo mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ wọn ti tú ká. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbéra ní Ho Chi Minh lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ yóò pàdánù ọjà náà pátápátá. Ìmọ̀ràn mi ni pé, bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọjà ni ẹ ṣe ń lọ, ẹ dé Can Tho ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ní èbúté Ninh Kieu kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí kò bá ṣeé ṣe láti sùn, ẹ fi Cai Rang sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ náà gbádùn My Tho àti Ben Tre tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá fi Cai Be rọ́pò rẹ̀ fún yín, nítorí ọjà orí omi ibẹ̀ ti dín kù gidigidi láti ìgbà tí ọ̀nà àti afárá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Cai Rang pàápàá kò pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, ó sì yẹ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mọ èyí kí wọ́n tó san owó.

Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni kí ẹ háyà, nítorí pé ó lè gba àárín àwọn ọkọ̀ ńlá kọjá. Ẹ wo ọ̀pá oparun gígùn tí ó wà níwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ọlọ́jà náà ń tà ni ó so mọ́ ọn, ìbáà ṣe ọ̀pẹ̀yìnbó tàbí elégédé, kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè. Àwọn tí ń rajà lọ́pọ̀ yanturu ni àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí ń tà fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọfí tàbí oúnjẹ gbígbóná yóò rí i rà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín, nítorí náà kí olúkúlùkù mú đồng, owó ilẹ̀ Fiẹtnámù, wẹ́wẹ́ dání.

Ní apá My Tho, erékùṣù Thoi Son ni ó dára jù láti kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí a ń fi àjẹ̀ wà gba inú odò tóóró tí ọ̀pẹ inú omi bò lọ́tùn-ún lósì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atukọ̀ nípa ìgbà tí omi máa fà, nítorí bí omi òkun ṣe ń kún tí ó sì ń fà ni ó ń darí gbogbo odò kéékèèké yìí, ọkọ̀ sì lè má rọ́nà kọjá nígbà tí omi bá fà. Ní Ben Tre, wọn yóò mú yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe súìtì àgbọn. Ẹ lè wò ó láìra ohunkóhun.

Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ka iye ènìyàn nígbàkigbà tí ẹ bá ń bọ́ sínú ọkọ̀ tàbí tí ẹ bá ń jáde. Kí gbogbo ènìyàn wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, títí kan ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ láti wọlé, nítorí àtẹ̀gùn èbúté máa ń yọ̀. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kọkànlá ni òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀, ọ̀sán ni ó sì sábà máa ń dé, nítorí náà ẹ fi ìrìn orí omi sí òwúrọ̀, kí ẹ sì fi fóònù sínú ọ̀rá.