Ẹ má da omi tó ń jáde látinú táǹkì báyógáàsì nù: bẹ́ ẹ ṣe máa fi ṣe ajílẹ̀ rèé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní táǹkì báyógáàsì, ìyẹn táǹkì tí ìgbẹ́ ti ń jẹrà di gáàsì ìdáná, nínú oko ẹlẹ́dẹ̀ tàbí lẹ́yìnkùlé, omi dúdú tó ń ṣàn jáde lápá kejì yẹn, ẹ má dà á sí gọ́tà mọ́ jàre. Kábọ́ọ̀nù ni gáàsì tẹ́ ẹ fi ń dáná kó lọ jù. Naitirójìnì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọtáṣíọ́ọ̀mù, tí wọ́n jẹ́ oúnjẹ irúgbìn, ṣì wà níbẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ti bá irúgbìn jẹ ẹ́ lẹ́nu sílẹ̀, torí apá tó pọ̀ nínú naitirójìnì yẹn ti di amóníà tí gbòǹgbò máa ń tètè fà mu.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti jinná. Èyí tó ti jinná kì í rùn bí ìgbẹ́ tútù, eṣinṣin kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà bò ó. Tó bá ṣì ń hó fòò, tó ń kan, á jẹ́ pé ìgbẹ́ tẹ́ ẹ ń dà sí i lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù, ó ń ti tàná jáde kó tó jinná. Nínú ooru tiwa níbí, ó yẹ kó lò tó oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ nínú táǹkì. Ẹ bù ú sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi nǹkan bò ó àmọ́ kẹ́ ẹ má dé e pa, torí gáàsì díẹ̀ ṣì máa ń jáde lára ẹ̀, ẹ má sì mu sìgá nítòsí ẹ̀ o.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni oòrùn. Amóníà yẹn máa ń fò lọ ni, kò dúró de ẹnì kankan, torí náà ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ká ní àgbàdo yín ti ga dé orúnkún, ẹ fi ọkọ́ ya poro kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó jìnnà sí ìdí ẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ po bọ́kẹ́ẹ̀tì kan mọ́ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ dà á síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi yẹ̀pẹ̀ bò ó lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe tó bá di ọ̀la. Òórùn tó ń ta yín nímú yẹn, owó yín ló ń fò lọ. Irúgbìn kékeré ń fẹ́ omi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ àjẹkù oúnjẹ oníyọ̀ lẹ ń dà sí táǹkì, ẹ dán an wò lórí ebè kan ná, iyọ̀ lè jó gbòǹgbò.

Ẹ má retí pé kẹ́ẹ̀gì méjì á ṣe oko kan o. Kílò 7.5 naitirójìnì ló wà nínú àpò ajílẹ̀ òyìnbó NPK 15-15-15 oníkílò 50, àmọ́ ìgbẹ́ màálù tẹ́ ẹ bá fi omi pò ní ọgbọọgba, bíi kílò 2 péré ló máa wà nínú lítà 1000 tó bá jáde. Ìyẹn ni pé bíi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 150 ló máa bá àpò kan dọ́gba. Ẹni tó bá lóun fẹ́ háyà ọkọ̀ gbé e lọ sóko tó jìnnà, owó ọkọ̀ á gbé èrè mì. Oko tó wà nítòsí táǹkì ni kẹ́ ẹ lò ó fún.

Ẹ̀wà ò nílò ẹ̀ púpọ̀, ewé lásán láá máa rú. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń jẹ ní tútù ńkọ́? Ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbìn ín ni kẹ́ ẹ dà á sílẹ̀, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé, torí kòkòrò àìsàn kì í kú tán nínú táǹkì. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, ẹ má gbé e dé ibi ẹ̀fọ́ rárá, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tí òjò ńlá bá sì ti ṣú, ẹ fi sílẹ̀, kó má lọ ṣàn sí kànga.

Èyí tó ki tó silẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ àti lẹ́búlẹ́bú igi láti sọ́ọ̀mílù, ẹ máa yí i. Tó bá ti dúdú, tó ń fọ́ wúruwùru lọ́wọ́, ẹ pò ó mọ́ yẹ̀pẹ̀ fún nọ́sìrì ata àti tòmátò.