Bí mo ṣe bu omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ fún àyẹ̀wò láìfi ti ojúsàájú ṣe

Ilé-iṣẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló gbé iṣẹ́ náà fún mi: kí n bu omi ìdọ̀tí tó ń ti ọgbà wọn ṣàn lọ sódò, kí n gbé e lọ sí láàbù, kí èsì rẹ̀ sì dé ọwọ́ àjọ tó ń mójú tó àyíká. Ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò ló ń sanwó fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti le. Bí ilé-iṣẹ́ àti àjọ bá ti wọ ara wọn jù, ìpè á ti ṣáájú alábẹ̀wò dé gééti.

Bí ìpè bá ti wọlé, wọ́n á yára fọ táńkì lóru. Caustic soda tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ máa ń gbé pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) kọjá 9, ṣùgbọ́n kó tó di aago mọ́kànlá àárọ̀ tí alábẹ̀wò máa bu omi, ó ti ṣàn lọ. Tàbí kí wọ́n ṣí omi kànga ẹ̀rọ sínú gọ́tà. BOD ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń lò láti jẹ ìdọ̀tí inú omi. Lítà omi kan tí BOD rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú lítà kan, bí a bá fi lítà mẹ́ta omi tó mọ́ lù ú, nǹkan bíi 30 ni láàbù yóò kà. Ìwé mọ́, odò ò mọ́.

Nítorí náà mo kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tó bá wù mí ni n ó wá, àti pé láàbù yóò fi èsì ránṣẹ́ sí àjọ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ tèmi ni mo wà lọ. Ìwádìí UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, lórí ilẹ̀ Ògóni ní Ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún 2011 fi hàn pé ilé-iṣẹ́ epo ni NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó epo tó bá dà, gbára lé láti dé ibi tí epo ti dà, bẹ́ẹ̀ NOSDRA ló yẹ kó máa ṣọ́ wọn. Ẹni tó gbé ẹ lọ ló mọ ìgbà tí wàá dé.

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ọjọ́ kejì, ìdajì lítà ni mo ń bù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi ti ń kúrò nínú ọgbà. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ń wọn pH àti iyọ̀ inú rẹ̀. Bí iyọ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, omi kànga ti wọlé nìyẹn. Mo tún ń ka mítà omi tó ń jáde, torí ìwúwo ìdọ̀tí kò ṣeé fi omi pa mọ́: BOD 120 nínú kúbíìkì mítà 100 jẹ́ kílò 12 lóòjọ́, 30 nínú 400, kílò 12 náà ni.

Ìgò BOD kún dẹ́nu, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, inú yìnyín ló wà. Má fi ásíìdì sí i o, yóò pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí àyẹ̀wò náà dúró lé. Ti COD (ìwọ̀n ọ́síjìn tí kẹ́míkà ń gbà láti jó ìdọ̀tí inú omi) ló ń gba ásíìdì sulphuric, títí pH yóò fi wà lábẹ́ 2. Ti ọ̀rá, ìgò gíláàsì ni, tààrà láti ojú ìṣàn, torí ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí a bá kọ́kọ́ bù ú sí.

Lójú tèmi, kò burú kí ilé-iṣẹ́ àti àjọ rẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ ìfọmimọ́ òun bàjẹ́ yẹ kó rí àsìkò tún un ṣe. Bí ìtanràn bá ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, kò ní sọ mọ́.

Mo pín omi náà sí mẹ́ta, mo sì fi òǹtẹ̀ dì í: ti ilé-iṣẹ́, ti àjọ, àti èyí tí a pa mọ́ bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀. COD nìkan ni a lè fi ìgò kẹta yẹ̀ wò, láàárín ọjọ́ 28. Ti BOD kì í ju wákàtí 48 lọ.