Tẹmọ́mítà tó ní kí n "Lo"

₦6,500 ni mo fi ra tẹmọ́mítà, mo tún san ₦2,000 wáíbììlì láti Èkó dé Ìlọrin, kẹ́ ẹ tó wá gbọ́ pé kò lè sọ bí omi ṣe tutù tó. Ẹ jẹ́ n rò ó kínú mi rọlẹ̀, torí láti Jánúárì ni mo ti ń gbé e sọ́kàn.

Ọmọ ló dá a sílẹ̀. Ràfíátù, àkọ́bí mi tó wà ní JSS2, lọ kí ìyá ọkọ mi ní Òkèlélé lásìkò ọyẹ́, ó bu omi mu nínú àmù wọn, ó délé, ó ní, "Mọ́mì, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí iná ò ti sí nílé Ìyá àgbà, báwo ni omi wọn ṣe wá tutù bí ẹni gbé e jáde nínú fíríìjì?" Mo ní amọ̀ ló tutù. Ó ní amọ̀ náà ṣáà ni ògiri ilé wọn, kí ló dé tí ògiri ò tutù bẹ́ẹ̀? Mo ní kó jẹ́ n gbọ́ràn. Àmọ́ ká sòótọ́, mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Aránṣọ ni mí, nǹkan tí mi ò bá fi téèpù wọ̀n, kì í dá mi lójú.

Ríra àmù kò le rárá. Dada ni mo gbà lọ, àwọn ìyá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń na amọ̀ lé ìdí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, mo mú ọ̀kan tó gba nǹkan bíi lítà mẹ́wàá, owó ẹ̀ ò dé ìdajì owó tẹmọ́mítà. Fífọ̀ àti rírẹ àmù tuntun, ẹ̀yin náà mọ̀yẹn.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o. Mo wá tẹmọ́mítà lórí fóònù, mo rí funfun kékeré kan tó dùn ún wò, wọ́n kọ "digital thermometer" sí i, wọ́n ní ó péye gan-an. Mo sanwó. Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó rí i gbà ní gàráàjì, mo sáré délé, mo tì í bọ omi àmù. Ó dún pípì, ó kọ "Lo". Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. "Lo". Mo gbé e lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, "Lo". Ràfíátù wo ojú ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ó ní ẹ lò ó." Mo ní kí wá ni mo ń ṣe látàárọ̀? Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ní rárá, kì í ṣe "lò", ó ní kí Mọ́mì máa lọ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí owó ta ni?

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò fi í sílẹ̀ pẹ́ tó, ẹ rì í dáadáa." Mo ní ṣé kí gbogbo ẹ̀ wọlé? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo ń bá àwọn oníbàárà mi jà pé wọn kì í ronú, mo rì í mọ́ omi tọrùn-tọrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tí mo máa fi yọ ọ́, ojú ẹ̀ ti ṣókùnkùn, kò kọ "Lo", kò kọ nǹkan kan. Mo pa bátìrì dà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo tún pè é, ó ní kí n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, mo yà á, ó wá ní, "Ha Àǹtí, omi ti wọnú ẹ̀, àwa kì í gba èyí tí omi bá ti wọ̀." Ẹni tó ní kí n rì í! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń fà á, nígbà tó yá kò gbé fóònù mi mọ́, ọyẹ́ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ níṣojú mi.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba aṣọ ló tú u fún mi, ká ní mo mọ̀ ni mi ò bá ti bi í kí n tó sanwó. Ó wo páálí ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ibà ni wọ́n fi ń yẹ̀ wò, pé láti dígírì 32 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó parí sí bíi 42, torí ara èèyàn tó ṣì wà láàyè kì í sábà kọjá ibẹ̀ lọ. Nǹkan tó bá ti tutù ju 32 lọ, á kọ "Lo", ìyẹn ni pé ó ti wálẹ̀ jù fóun. Ó wà nínú páálí, lẹ́tà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, ẹ gbàgbé pé ó dùn ún wò.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bọ̀dá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ń kọ́ wọn ní físíìsì ní yunifásítì. Mo ń bá a rán aṣọ láti ọdún mẹ́rin! Ó ní, "Ìyá Ràfíátù, ẹ ò sọ fún mi," ó wọlé, ó mú tẹmọ́mítà onígíláàsì tó lómi pupa nínú jáde, èyí tó ń kà láti ìsàlẹ̀ òdo lọ sí 110. Ọ̀fẹ́.

Ó kọ́kọ́ fi fáànù oníbátìrì ṣe nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu. Ó fẹ́ ẹ sí tẹmọ́mítà náà lára ní gbígbẹ, 34 ló wà, 34 náà ló dúró sí. Fáànù ò mú afẹ́fẹ́ tutù rárá o! Ó wá wé àkísà tó rin fómi mọ́ ìdí ẹ̀, ó tún fẹ́ ẹ, ẹ sì máa rí omi pupa yẹn tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé 20. Ó ní omi tó bá ń gbẹ kì í lọ lọ́wọ́ òfo, ó máa ń kó ooru dání lọ, bíi spírítì tí nọ́ọ̀sì máa ń fi nu apá kó tó gún wa lábẹ́rẹ́. Gíráàmù omi kan ṣoṣo tó bá gbẹ dànù, ooru tó kó lọ tó láti mú bíi 580 gíráàmù omi tutù sí i ní dígírì kan. Ó tún sọ̀rọ̀ tíṣà kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, tó ki ìkòkò kan bọ inú ìkejì, tó da yanrìn tó rin fómi sí àárín wọn láti fi tọ́jú tòmátò àti ìgbá, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Rolex lọ́dún 2000.

Mo wá ṣe tèmi. Omi kànga kan náà, lítà mẹ́jọ nínú àmù, mẹ́jọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, mo bo méjèèjì, mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tóòrùn ò dé. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì: afẹ́fẹ́ 34, bọ́kẹ́ẹ̀tì 31, àmù 24! Mo pariwo débi pé oníbàárà tó wà lọ́dọ̀ mi rò pé nǹkan ló ta mí. Omi àmù tún ti dín ní nǹkan bíi lítà kan, mo ti ń bú Ràfíátù pé òun ló mu ún kí n tó rántí pé omi tó dín yẹn gan-an ló gbẹ tó kóoru lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi súyà bẹ òun.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo fi lọ́rà wé àmù náà mọ́ra pinpin, mo tún pọn omi tuntun sí i. Ọ̀sán dé, 30. Amọ̀ kan náà! Kì í wá ṣe amọ̀ ló tutù, bí mo ṣe sọ fọ́mọ.

Mo padà lọ fi yangàn fún ìyá tó ta àmù fún mi ní Dada. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Lásìkò òjò, ara ẹ̀ á máa tutù rinrin, omi inú ẹ̀ ò sì ní tutù. Òógùn ò ríbi lọ." Wọn ò lo tẹmọ́mítà kankan o. Wọ́n tún ní kí n má lọ ra èyí tí wọ́n fi òdà kùn fún òdòdó, kò lè làágùn. Ní Júlàì mo wọ̀n ọ́ lóòótọ́, afẹ́fẹ́ 28, àmù 26, nǹkan aláwọ̀ ewé ti ń hù lára ẹ̀.

Tẹmọ́mítà ibà yẹn ṣì wà nínú àpótí máṣíìnì mi, láàárín bọ́bìnnì. Bàbá Ràfíátù ní kí n jù ú nù. Kó kọ́kọ́ fún mi ní ₦8,500 mi ná.