Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ bọ́hóòlù sílé

Ẹ má tíì pe kọngílá o. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò bí tiwọn ṣe jìn tó, ṣé ó sì máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ àpáta ni, ibi tí àpáta ti sán lomi ń gbé, ẹ lè gbẹ́ ibì kan kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan, kẹ́ ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kómi tú jáde, torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò ná. Ilẹ̀ yanrìn máa ń lómi dáadáa àmọ́ ó máa ń ya, páìpù gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀. Amọ̀ ní tiẹ̀, ahun ni, ó ń mumi àmọ́ kì í fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀.

Tó bá kan kọngílá, kó kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni mítà kan, ta ló máa ru àdánù tí ò bá sómi. Kó fa omi ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan kẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń sun sí. Èyí tó bá ní òun ò ní fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè, ẹ lé e lọ jàre, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Kí bọ́hóòlù náà sì jìnnà sí ṣáláńgá, mítà 30 tí àyè bá wà.