Ponoka—Didsbury: àwọn àṣìṣe tó ń gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ará ìgbéríko

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní àwọn ìlú kéékèèké àti oko tó wà láàárín Edmonton àti Calgary, ní ìpínlẹ̀ Alberta lórílẹ̀-èdè Kánádà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ ka èyí. Ní ìdìbò 28 oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹkùn ìdìbò kan tí kò sí tẹ́lẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni Ponoka—Didsbury. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ló bí i. Aṣojú 34 ni Alberta ní tẹ́lẹ̀ ní ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Ottawa. Wọ́n sọ ọ́ di 37, wọ́n sì tún gbogbo ìlà fà kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan lè sún mọ́ 115,000 ènìyàn. Ìlú Red Deer ní ẹkùn tirẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbéríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ di ẹkùn tuntun yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní 100 kìlómítà láti Ponoka dé Didsbury.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti àdírẹ́sì. Ní ìgbéríko Alberta, ọ̀pọ̀ ilé ni lẹ́tà kì í dé. Àpótí ni èèyàn máa ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nọ́ńbà àpótí yẹn ni yóò sì wà lórí bíìlì iná, lórí ìwé báńkì, àti lórí gbogbo ìwé tó bá ti ń wọlé. Ibi tí ẹ ń sùn gan-an ní orúkọ tirẹ̀: Range Road báyìí, Township Road báyìí, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára pátákó kékeré lẹ́nu ọ̀nà oko. Ẹni méjì lè ní àpótí ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kan náà kí ẹkùn wọn má jẹ́ ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìdìbò fi máa ń béèrè ibi tí ẹ ń gbé, tí nọ́ńbà àpótí kì í tó o.

Ẹ má dúró di ọjọ́ ìdìbò kí ẹ tó yanjú rẹ̀. Òfin sọ pé bí àdírẹ́sì orí ìwé yín kò bá fi ibùgbé yín hàn, ṣùgbọ́n tó bá ohun tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò mu, wọn yóò gbà á. Nítorí náà, ẹ rí i dájú ṣáájú pé àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà àpótí yín wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Elections Canada, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò àpapọ̀. Bí ìwé kankan kò bá sí rárá, ẹni tó mọ̀ yín, tí ibùdó ìdìbò yín jọ jẹ́ ọ̀kan, lè ṣe ẹlẹ́rìí fún yín, bí òun fúnra rẹ̀ bá ní ìwé tó pé. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan lè jẹ́rìí fún o. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé alàgbà ìjọ wọn yóò dúró fún ìdílé mẹ́ta. Kò ṣeé ṣe. Orí ìlà ni àwọn yòókù yóò ti padà sílé.

Àwa tí a dàgbà pẹ̀lú káàdì ìdìbò alálòpẹ́ INEC tún ní àṣìṣe tiwa: a rò pé káàdì tí Elections Canada ń fi ránṣẹ́ náà ni ẹ̀rí. Bébà lásán ni, kò ní àwòrán. Òun nìkan kò tó. Ẹ mú ìwé mìíràn tó ní orúkọ yín dání pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé Kánádà títí, tí kò tíì di ọmọ Kánádà, kò gbọdọ̀ dìbò. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Ẹ ṣọ́ra lórí ìwé owó orí, torí ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń fi àmì sí àpótí ìbéèrè nípa Elections Canada tí kò kàn án, tí orúkọ rẹ̀ fi lè bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Bí káàdì ìdìbò bá dé sí orúkọ yín láìtọ́, ẹ pe Elections Canada kí wọ́n yọ orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní PR má rò pé òun ò ní ipa kankan. Àwọn ẹgbẹ́ Conservative àti Liberal máa ń gba ẹni tó ní PR, láti ọmọ ọdún 14, láti di ọmọ ẹgbẹ́. Ní ìgbéríko Alberta, níbi tí Conservative ti máa ń fi àlàfo ńlá borí, ìdìbò abẹ́lé ni ìjà gidi. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ló ń jáde fún un. Ohùn idílé mẹ́wàá lè wúwo níbẹ̀ ju bó ṣe lè wúwo lọ́jọ́ ìdìbò gan-an.

Orúkọ tuntun kò sì sọ pé aṣojú tuntun ni. Blaine Calkins ti wà ní Ottawa láti 2006: Wetaskiwin ló kọ́kọ́ ṣojú fún, lẹ́yìn náà Red Deer—Lacombe, ó wá di Ponoka—Didsbury. Ọ́fíìsì aṣojú ni ẹ máa lọ bí ọ̀rọ̀ físà òbí tàbí pásípọ́ọ̀tù bá ta kókó. Ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n, ẹkùn tiwọn yàtọ̀, ìlà tiwọn náà yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbà, ẹ má sọ pé àyè ò sí. Ní Alberta, aago 7:30 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí ibùdó, 7:30 alẹ́ ni wọ́n ń tì í. Òfin ní kí ẹ ní wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn láàárín àkókò yẹn; bí iṣẹ́ yín kò bá jẹ́ kí ẹ ní in, ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín, òun ni yóò sì yan èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́rin tún wà ṣáájú ọjọ́ ìdìbò tí ẹ lè fi dìbò, láti 9 àárọ̀ sí 9 alẹ́.

Ìdìbò tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 15 oṣù kẹwàá ọdún 2029, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà Elections Canada ni 1-800-463-6868. Ẹ ní ìwé bíìlì yín lọ́wọ́ kí ẹ tó pè, kí ẹ sì ka nọ́ńbà pátákó ẹnu ọ̀nà yín fún wọn.