Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́lé tí iná ò fi ní ráyè rìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí òfin ilé kíkọ́ ń sọ ni pé kí ilé má jóná. Rárá o. Òfin ti gbà pé iná lè ṣẹlẹ̀, ohun tó ń béèrè ni pé kí iná tó bá bẹ̀rẹ̀ ní yàrá kan má tètè kúrò níbẹ̀, kí àwọn tó wà nínú ilé ráyè sá jáde, káwọn panápaná náà sì ráyè dé. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gbọ́ ògiri wákàtí kan, ògiri wákàtí méjì. Wọ́n á kọ́ irú ògiri yẹn síbi tí wọ́n ti ń dán an wò, wọ́n á da iná bò ó lápá kan, wọ́n á wá máa ṣọ́ apá kejì bóyá iná máa yọ síbẹ̀ tàbí kó gbóná jù, iye wákàtí tó bá fi fara dà á ni wọ́n fi ń pè é.

Ààlà ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ilé tó bá sún mọ́ra jù, iná ò nílò kó fọwọ́ kan èkejì kó tó ràn án, ooru nìkan tó bẹ́ẹ̀. Nínú IRC, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń lò fún ilé gbígbé lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ilé ò bá ní sprinkler, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi fúnra rẹ̀ tí iná bá ṣẹlẹ̀, ògiri tí ò bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ ògiri wákàtí kan, tí ò bá wá tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ẹ ò gbọdọ̀ yọ wíńdò síbẹ̀ rárá. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, torí lẹ́yìn tí ògiri bá ti dúró, ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìlú London fara gbá a lọ́dún 1666, nígbà tí iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ yẹn, ilé onígi tó fún mọ́ra ni ọ̀pọ̀ wọn, ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin jáde pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi mọ ògiri ìta.

Gárèèjì tó lẹ̀ mọ́ ilé ńkọ́? Mọ́tò wà níbẹ̀, bẹntiróòlù wà níbẹ̀, nítorí náà IRC ní kẹ́ ẹ fi gypsum board, ìyẹn páálí líle tí wọ́n fi ohun bíi POP ṣe, tó nípọn tó ìdajì íǹṣì bo ògiri tó wà láàárín òun àti ilé, tí yàrá bá sì wà lókè rẹ̀, Type X, ìyẹn irú gypsum board tó túbọ̀ ń fara da iná, tó nípọn tó íǹṣì 5/8 ni kẹ́ ẹ fi ṣe sílíńgì. Ilẹ̀kùn àárín wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó ki dénú tó nípọn tó mílímítà 35, tàbí èyí tí wọ́n ti dán wò fún ìṣẹ́jú 20, kó sì máa ti ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí sí yàrá tí èèyàn ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi òkúta há ilẹ̀kùn yẹn kó lè ṣí sílẹ̀, ẹ ò ní ilẹ̀kùn nìyẹn o.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù lọ ni ihò. Bíríkìlà á mọ ògiri dáadáa, pílọ́ńbà á dé, á lu ihò tó gba orí èèyàn nítorí páìpù kan ṣoṣo, oníwáyà náà á lu tiẹ̀, wọ́n á rẹ́ símẹ́ńtì bàìbàì lé e, sílíńgì á bo gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́ títí ọjọ́ tí èéfín máa gbabẹ̀ kọjá. Àyíká wáyà, fire sealant, ìyẹn oje tó ń dí ihò tí iná ò fi ní tètè gbabẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe fóòmù inú agolo lásán, fóòmù lásán yẹn gan-an ń jó. Páìpù oníke máa ń yọ́ tí ooru bá kàn án, ihò rẹ̀ á wá ṣófo, torí náà ẹ fi kọ́là, ìyẹn òrùka tó máa ń wú tó bá gbóná, há a lọ́rùn, bó bá ṣe ń wú lá máa fún páìpù yẹn pa. Ojú ọ̀nà atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù náà nílò damper, ìyẹn ìlẹ̀kùn irin tó máa ń dí ọ̀nà náà tí iná bá dé, irin kékeré kan ló ń gbé e dúró, nǹkan bíi 74°C lọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ́ tí damper á sì já pa dé.

Ẹ tún gòkè lọ wo òkè sílíńgì. Ògiri tí wọ́n ní kó sé iná mọ́ àmọ́ tó parí sí ìsàlẹ̀ sílíńgì, iná á kàn fò ó kọjá ni, ó gbọ́dọ̀ dé abẹ́ kọnkéré tàbí abẹ́ òrùlé.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ fi ń bo ara ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹwà tàn yín. Lóru 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná bẹ̀rẹ̀ lára fíríìjì ní àjà kẹrin Grenfell Tower ní London, ó gba ara ohun tí wọ́n fi bo ògiri ìta, aluminium tí ike polyethylene wà láàárín rẹ̀, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ wá dà bí ojú ọ̀nà èéfín, iná gùn ún dókè. Èèyàn 72 ló kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ilẹ̀ England fòfin de ohun tó ń jó lára ògiri ìta ilé gbígbé tuntun tó ga ju mítà 18. Nínú ilé, fóòmù tí ẹ fi ń dènà ooru náà ò gbọdọ̀ hàn síta, gypsum board ìdajì íǹṣì ni kó bò ó. Tẹ́ ẹ bá sì ń ra pákó tàbí páálí ara ògiri fún ibi àtẹ̀gùn, ẹ béèrè bó ṣe ṣe nínú ìdánwò ASTM E84, èyí tí wọ́n fi ń wo bí iná ṣe ń yára tàn lára nǹkan: 0 sí 25 ni Class A, òun ló dáa jù, 76 sí 200 ni Class C.

Kí sílíńgì tó pa dé, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo gbogbo ihò níkọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò wọn pa mọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ lu ihò tuntun lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi fọ́tò yẹn hàn án, kẹ́ ẹ má sì sanwó rẹ̀ tán títí tó fi máa dí tiẹ̀.