Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ti jẹ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lórí rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí wà fún àwọn tó ń tọrọ ìdáríjì lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà láti ọdún pípẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Orin Dáfídì 32. Ní ẹsẹ 3, Dáfídì ní egungun òun gbó nígbà tí òun dákẹ́. Ní ẹsẹ 5 ó jẹ́wọ́, Ọlọ́run sì dárí jì í. Kò sí ààwẹ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Ẹ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Ọlọ́run bó ṣe jẹ́ gan-an. "Gbogbo àṣìṣe mi" kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Bó bá tún wá sọ́kàn yín lóru, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lákọ̀tun, ẹ sọ pé, "Baba, mo dúpẹ́ pé O ti dárí rẹ̀ jì mí." Bí ara kò tiẹ̀ fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣáà máa sọ ọ́: 1 Jòhánù 1:9 gbé ìdáríjì ka òótọ́ Ọlọ́run, kò gbé e ka bó ṣe ń ṣe wá.

Tó bá jẹ́ owó ẹlòmíràn lẹ jẹ, ẹ dá a padà bíi Sákéù, agbowó orí inú Lúùkù 19 tó ṣèlérí láti dá owó tó fi èrú gbà padà. Kì í ṣe láti fi ra ìdáríjì o. Jésù ti ní òun máa dé sílé Sákéù kí Sákéù tó ṣèlérí kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sá fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nítorí èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ wá jẹ ẹ́.